Àtọ́kẹ́ Gbójú Sókè

Màlúù já ní ọjà Ìkòtún nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku ọ̀la. Kì í ṣe pé ó rọra tú okùn ọrùn rẹ̀ o. Akọ màlúù ńlá ni, funfun báláú, ìwo rẹ̀ gùn bí apá géńdé. Ó ti fojú kan ọ̀bẹ, ó sì ti pinnu pé òun kò ní bá wọn ṣe ọdún náà. Ariwo ta. "Ó já o! Ẹ yà o! Ó já o!" Àwọn kan gbé igbá, àwọn kan gbé ọmọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ gbé igbá sá kí wọ́n tó rántí ọmọ. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò ti ráyè bọ́ sí láti àárọ̀ wá là gbayawu, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ la aṣọ.

Gbogbo ènìyàn ló sá, àfi ọkùnrin kan.

Ó dúró láàárín títì, ó gbé aṣọ àga tí wọ́n ká bí ẹní lé èjìká, ó ń wo àwọn tó ń sá bí ẹni tó ń wo sinimá tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Àtọ́kẹ́ ti fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù kan ní tirẹ̀, ó gbá ìrẹsì ọdún mọ́ àyà. Ó rí màlúù náà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin yìí, okùn ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e. Ó fẹ́ ké, ohùn kọ̀ kò jáde. Ìgbà náà ni ojú ọkùnrin náà kúrò lára èrò, tó sì bọ́ sínú ojú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti bá irú ojú bẹ́ẹ̀ pàdé rí ni yóò mọ̀. Ojú méjèèjì mú ara wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ara wọn lọ. Ohun tí ẹnu Àtọ́kẹ́ kò lè sọ, ojú rẹ̀ sọ ọ́: ẹ̀rù, ìwo, ikú tó ń sáré bọ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ojú ọmọbìnrin tí kò mọ̀ rí yìí ló gbà gbọ́. Ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣubú lé apẹ̀rẹ̀ tòmátì, màlúù sì kọjá fìrì níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà.

Nígbà tí ohùn Àtọ́kẹ́ yóò fi padà dé, ìbínú ló bá a dé.

"Bọ̀dá yìí! Àbí etí yín di ni? Gbogbo ayé ń pariwo, ẹ dúró gbọnin bí òpó iná!"

Ọkùnrin náà dìde, omi tòmátì ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá gbé orí sókè sódò: bẹ́ẹ̀ ni, ó di.

Ó ṣe Àtọ́kẹ́ bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀ ẹ́, tó sì ń rántí pé ọ̀rọ̀ kò wúlò níbẹ̀, ìyá olótòmátì ti dé, ó di ọkùnrin náà ní ṣòkòtò mú. "Ta ló máa jìyà tòmátì mi? Ṣé ìwọ ni àbí màlúù?" Èrò rọ́ padà bí omi, wọ́n sì gbé e pa mọ́ Àtọ́kẹ́ lójú.

Àtọ́kẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà náà, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Àǹtí Olúrẹ̀mí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Aṣọ-funfun ni wọ́n nílé wọn. Ìyá rẹ̀ kì í fi ìsìn Aládùúrà ṣeré, kì í sì í fi ẹ̀kọ́ ilé ṣeré. "Ọmọ tí a bí ire kì í tẹjú mọ́ ọkùnrin," ni ìyá náà máa ń wí. "Bí ọkùnrin bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ gidi, ilẹ̀ ni kí o máa wò. Èyí tó bá ń wo ọkùnrin ní tààrà, ìtìjú ti tán lára ẹ̀ nìyẹn." Bí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn lọ́sàn-án, Àtọ́kẹ́ a fa ìwé ìfẹ́ jáde nínú báàgì, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọge fi ń yá ara wọn títí ewé rẹ̀ yóò fi tú. Nínú àwọn ìwé náà, ọkùnrin a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọmọbìnrin a dorí kodò, ọkùnrin a wá fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ibi tí Àtọ́kẹ́ fẹ́ràn jù nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ dídorí kodò yìí nìkan sì ni ìyá rẹ̀ àti ìwé ìfẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan.

Ọdún 1995 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ọkùnrin orí títì yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù, òun àti ọmọbìnrin kan tó jọ ọ́ bí imú ṣe jọ imú. Bó ṣe rí Àtọ́kẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ó na ìka méjì sókè lórí ara rẹ̀, ìwo màlúù gan-an. Ẹ̀rín bú lẹ́nu Àtọ́kẹ́.

"Kí lẹ ń rín?" Àǹtí Olúrẹ̀mí béèrè. "Àbí ẹ ti mọra tẹ́lẹ̀ ni?"

"Màlúù ló mú wa mọra, mà," ni Àtọ́kẹ́ fèsì.

Ọmọbìnrin náà sọ pé Lucy lorúkọ òun, òun ń ṣe irun ní Dópẹ̀mú. Ẹ̀gbọ́n òun nìyí, Báyọ̀dé, ó ń bo àga onítìmùtìmù, ṣọ́ọ̀bù wọn kò sì jìnnà síra. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà nígbà tí èèyi mú un tó sì gba etí rẹ̀ lọ. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ adití tó ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé nínú kíláàsì kan ní Ìpàjà. Wọ́n fẹ́ tẹ lẹ́tà sí àjọ tó wà fún àwọn adití gbogbo àgbáyé, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Finland. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni àjọ náà ń ṣe ìpàdé ńlá. Ti ọdún yìí yóò wáyé ní Vienna nínú oṣù keje.

Àǹtí Olúrẹ̀mí pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Àwọn adití náà ní Yúnáítẹ́dì Néṣọ̀n tiwọn?"

"Wọ́n ní in, mà. Ó tilẹ̀ ju bọ̀dá mi lọ lọ́jọ́ orí."

"Tí wọ́n bá wá jókòó, gbogbo ẹnu á dákẹ́?"

"Ẹnu á dákẹ́, ṣùgbọ́n ariwo á pọ̀," ni Lucy wí. Ó fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú Báyọ̀dé sì dùn sí èsì náà.

Ó gbé ìwé tó fi ọwọ́ kọ síwájú Àtọ́kẹ́. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, Olúfúnkẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ibà mú ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọsibítù láàárọ̀ kùtù, ó jókòó síwájú gan-an kí wọ́n lè rí òun. Nọ́ọ̀sì ń jáde, ó ń pe orúkọ, ó ń wọlé. Wọ́n pe Olúfúnkẹ́ títí ó fi sú wọn, Olúfúnkẹ́ sì ń wò wọ́n lẹ́nu títí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà yè é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣe dáadáa mọ́. Báyọ̀dé fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Vienna, kó bi àwọn adití ilẹ̀ mìíràn bí tiwọn ṣe ń gbọ́ orúkọ lọ́sibítù, kó sì mú ọgbọ́n náà bọ̀ wálé.

Ọwọ́ Àtọ́kẹ́ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè, ó bá ojú Báyọ̀dé níbi tó fi sí, lórí rẹ̀.

Àdírẹ́sì ló kù. Ẹgbẹ́ náà kò ní àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn kò sì lè fi ti ilé ẹnìkan sí i. "Ẹ lo tèmi jàre," ni Àǹtí Olúrẹ̀mí wí. "Àtọ́kẹ́ ló ń lọ kó lẹ́tà bọ̀. Tí èsì bá dé, òun náà ló máa fún yín."

Lẹ́tà náà kò tíì kúrò ní Ìkẹjà pàápàá tí Báyọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá béèrè èsì. Àǹtí Olúrẹ̀mí a ní, "Àtọ́kẹ́, oníbàárà ẹ ti dé o, èyí tí kì í ra nǹkan kan." Àtọ́kẹ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya Dópẹ̀mú, kí Lucy lè kọ́ òun ní èdè ọwọ́. Lucy a fi orí oníbàárà sílẹ̀ láàbọ̀, a máa fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Oníbàárà a ní, "Ṣé irun mi lẹ ń dì àbí ẹ̀ẹ́fọn lẹ ń lé?"

Ọ̀rọ̀ kò le fún Àtọ́kẹ́. Nínà ìka ló le. Èdè ọwọ́ kò ní "ẹ," kò ní "ẹ̀yin". Ìka kan náà tí wọ́n ń nà sí ọmọdé ni wọ́n ń nà sí arúgbó. "Kí n na ìka sí àgbà? Ìyá mi á gé e!"

"Nà á jàre! Tí o ò bá nà á, báwo lonítọ̀hún ṣe máa mọ̀ pé òun lò ń bá wí?"

Sátidé àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé wọn dé Ìpàjà, wọ́n mú un lọ kí Bàbá Zacchaeus, alága ẹgbẹ́, ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ ó na ìka sí bàbá láyà. Gbogbo kíláàsì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mì í lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀ bí ewé àgbàdo nínú afẹ́fẹ́. Pàtẹ́wọ́ àwọn adití nìyẹn. Bàbá Zacchaeus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Òun ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ènìyàn kì í fúnra rẹ̀ yan orúkọ ọwọ́. Ó di ìgbà tí adití bá wò ó dáadáa tó sì fún un. Ti Báyọ̀dé jẹ́ ìka méjì tí wọ́n fún pọ̀ létè, bí ẹni gbé ìṣó sẹ́nu. Àtọ́kẹ́ ti ń fọkàn sí òdòdó, tàbí ẹyẹ, tàbí ìràwọ̀. Bàbá na ìwo méjì lórí, ó wá fa ìka kan wálẹ̀ sábẹ́ ojú: Ojú-Màlúù. Ọwọ́ tún lọ sókè lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Àtọ́kẹ́ di ẹnu mọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tí Báyọ̀dé pe orúkọ náà láti òpin kíláàsì lọ́hùn-ún, tó rọra fa ìka wálẹ̀ sábẹ́ ojú ara rẹ̀, kò sí òdòdó tí ọmọbìnrin náà yóò gbà dípò rẹ̀ mọ́.

Bí ó ṣe ń lọ nìyẹn títí oṣù karùn-ún fi dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àtọ́kẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ Lucy bọ̀, ó yà kí Báyọ̀dé. Ó bá a níbi tó ti ń kan aṣọ mọ́ ẹ̀yìn àga, òòlù wà lọ́wọ́, ìṣó wà láàárín ètè. Oníṣẹ́ àga tó ń gbọ́ràn, bí ìṣó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ti Báyọ̀dé kọ́. Ìṣó lè kún un lẹ́nu kó máa rojọ́ lọ. Ọwọ́ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dúró. Lọ́jọ́ náà, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó sì ṣe ohun tí Àtọ́kẹ́ kò rí i kó ṣe rí: ó yọ àwọn ìṣó náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí fóòmù, bí ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọ ilé Ọlọ́run.

Nẹ́pà ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó kù kò ju èyí tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, èyí náà sì ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ adití kò sí nínú òkùnkùn, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ Báyọ̀dé fi ń yára.

"Ọjọ́ tí màlúù já, ojú rẹ ni mo gbà gbọ́," ni ó wí. "Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù tí mo bá wọ̀, ojú yẹn ni mò ń wá kiri. Bí wọ́n bá pè mí sí Vienna, n óò lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń padà wá bá. Àtọ́kẹ́, mo fẹ́ kí..."

Ibẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ ti dorí kodò.

Háà, ìdùnnú! Ó ń lù lọ́kàn rẹ̀, ó ń gbóná létí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá wo ọkùnrin yìí lójú nísinsìnyí, gbogbo inú òun ni yóò rí, bí ìgbà tí wọ́n ṣílé sílẹ̀ tí wọn kò tíì gbálẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí ba, àwọn ìwé ìfẹ́ bá ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo ìdọ̀tí fóòmù nílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya nǹkan, ó ń retí ìka méjì lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ìka méjì kò dé. Ìró òòlù ló dé. Kó. Kó. Kó.

Nígbà tó gbórí sókè, Báyọ̀dé ti kọ ẹ̀yìn sí i, ìṣó ti padà sáàárín ètè rẹ̀. Àtọ́kẹ́ kàn án léjìká. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín irú èyí tí wọ́n ń rín fún oníbàárà. "Ilẹ̀ ti ń ṣú," ni ọwọ́ rẹ̀ wí. "Máa lọ sílé."

Láti ọjọ́ náà, Báyọ̀dé kò wá sí Ẹ̀gbẹ́dá mọ́. Bí ó bá di ọjọ́ béèrè èsì, Lucy ló ń rán. Sátidé tí Àtọ́kẹ́ tún lọ sí Ìpàjà, Báyọ̀dé kí i, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Àtọ́kẹ́ kò lọ mọ́. Kí ló ṣe? Ó wádìí ara rẹ̀ títí, kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ó dàbí ẹni tí wọ́n nawọ́ oúnjẹ sí, tó ní kí òun fọwọ́, tó sì padà wá bá àwo lófìfo.

Ọkàn rẹ̀ ń fà sí i bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń fà sí òjò. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ṣọ́ọ̀bù láìkí wọn, àyà rẹ̀ a já. A gbójú sókè, a rí i pé ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ lásán ni. Nínú ìsìn, láàárín aṣọ funfun àti òórùn tùràrí, ọwọ́ rẹ̀ a máa pe orúkọ Báyọ̀dé nínú apá aṣọ, ìka méjì tí ó fún pọ̀, tí yóò gbé kan ètè.

"Kí ni ọwọ́ ẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni ìyá rẹ̀ béèrè lọ́jọ́ kan.

"Mò ń gbàdúrà ni, mà."

"Láti ìgbà wo lo ti ń fọwọ́ gbàdúrà?"

Àdúrà ni lóòótọ́.

Oṣù kẹfà ti wọlé nígbà tí lẹ́tà dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àtọ́kẹ́ ṣí àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó rí àpò ìwé funfun kan láàárín ìwé iná àti ìwé omi, sítáńbù Finland wà lórí rẹ̀, orúkọ Báyọ̀dé wà níbẹ̀ gàdàgbà. Kò ní láti ṣí i kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó nípọn, ìwé tí wọ́n fi ń kọ̀ fún ènìyàn kì í nípọn bẹ́ẹ̀. Òun ni Báyọ̀dé yóò mú lọ sí ẹ́ḿbásì fún físà. Ó kó o sínú báàgì, àárín ìwé ìfẹ́ rẹ̀.

Èrò kan wá sọ sí i lọ́kàn lójú ọ̀nà. Bí ó bá fi í rán Lucy, ọ̀rọ̀ parí. Báyọ̀dé yóò gbà á, yóò lọ, òun kò sì ní fojú kàn án. Ṣùgbọ́n bí èsì kò bá dé... bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i... ṣé kò ní fúnra rẹ̀ wá béèrè? Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kó kàn wọlé, kó dúró níwájú ẹ̀rọ bí ti tẹ́lẹ̀, òun yóò gbé e fún un lọ́wọ́ ara òun.

Lọ́jọ́bọ̀, Lucy dé. "Àtọ́kẹ́, ó ti dé?"

"Rárá o," ni Àtọ́kẹ́ wí, ojú rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó wá béèrè fúnra ẹ̀. Kí ló ń dì í lọ́wọ́ tí kò wá mọ́?"

Lucy wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Èmi lo ń bi? Ìwọ tí o ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú?"

"Èmi? Ilẹ̀kùn wo?"

"Ó ń bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀, o gbójú kúrò lára ẹ̀. O ń wolẹ̀. Ó ní òun ò tilẹ̀ tíì parí rẹ̀."

"Lucy, ojú ló ń tì mí! Inú mi dùn ni! Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ní tiyín? Kí n tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò nílé?"

Lucy fọwọ́ lérí. "Yéè! Àtọ́kẹ́, tí èmi bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ báyìí, tí o wá ki ìka bọ etí méjèèjì, kí ni wàá ní o ṣe fún mi? Ojú ni etí wọn. Nígbà tá a wà ní kékeré, tí èmi àtiẹ̀ bá jà, tí mo bá ti bú u tán, ojú ni mo máa ń dì pa kó má baà lè dá a padà. Ẹkún ló máa ń sun. Kò sí èébú tó dùn ún tó ìyẹn. Ohun tí o ṣe fún un nìyẹn, lọ́jọ́ tó yọ ìṣó lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àtọ́kẹ́ lára bí omi tútù. Lẹ́tà wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yẹ kó fà á yọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ṣì gbóná, ojú sì tì í láti jẹ ẹ́ padà.

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹ́ḿbásì dá fún un," ni Lucy wí bó ṣe ń jáde. "Láìsí ìwé ìpè, wọn ò ní wo ojú ẹ̀. A ò mọ bá a ṣe máa béèrè. Ta ni adití fẹ́ tẹ fóònù pè? Sátidé yìí ló máa sọ fún ẹgbẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́."

Àtọ́kẹ́ kò jẹun lọ́jọ́ náà, oúnjẹ ọjọ́ kejì sì korò lẹ́nu rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá fọwọ́ kan lẹ́tà náà, ojú Báyọ̀dé kọ́ ló ń rí mọ́. Olúfúnkẹ́ ló ń rí, tó jókòó síwájú gan-an, tó ń wo ẹnu nọ́ọ̀sì. Ta ló wá yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì yẹn báyìí? Ó kéré tán, nọ́ọ̀sì pe orúkọ.

Ní Sátidé, òjò ti pa ojú ọ̀nà Ìpàjà di ẹrẹ̀. Nígbà tí Àtọ́kẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn kíláàsì, bàtà rẹ̀ wúwo, ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ti pọ́n. Inú ilé dákẹ́, kì í ṣe ìdákẹ́ ti àtẹ̀yìnwá tó kún fún ọwọ́; kò sí ọwọ́ kankan lókè. Bàbá Zacchaeus fi àgbọ̀n ti ọ̀pá. Olúfúnkẹ́ wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ kékeré kan rọ̀ wọ́jọ́ ju èkejì lọ. Níwájú wọn ni Báyọ̀dé dúró sí, ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìdí: "Wọn kò dá wa lóhùn. Ẹ má bínú sí mi."

Àtọ́kẹ́ gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá. Gbogbo ojú yí sí i, ojú tí kì í yẹ̀, ojú tí ìyá rẹ̀ yóò pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó dúró níwájú Báyọ̀dé, ó gbé ọwọ́ sókè láti sọ̀rọ̀.

Báyọ̀dé wolẹ̀.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó tẹ orí ba pátápátá, ó gbé ojú lé ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó sì fi í síbẹ̀. Ọwọ́ Àtọ́kẹ́ dúró lófuurufú, ó di ohùn tí kò rí etí wọ̀. Ìgbà náà ló tó mọ̀ bí ó ṣe ń dun ni. Ó mọ̀ ọ́n títí dé egungun.

Lucy dìde lẹ́yìn, ó tún jókòó.

Àtọ́kẹ́ sún mọ́ ọn. Lójú àgbà, lójú ọmọdé, lójú Bàbá Zacchaeus tí òun ti kúnlẹ̀ kí rí, ó na ìka méjì, ó ki í bọ abẹ́ àgbọ̀n ọkùnrin náà, ó sì gbé e sókè. Irùngbọ̀n Báyọ̀dé gún un nìka. Ojú pàdé ojú, bí ti ọjà Ìkòtún.

"Lẹ́tà ti dé," ni ọwọ́ Àtọ́kẹ́ wí. "Láti Túsìdeè. Mo parọ́ fún Lucy. Mo fẹ́ kí o fúnra rẹ wá, kí n lè rí ọ."

Ìbínú yọ lójú Báyọ̀dé. Àtọ́kẹ́ rí i, ó sì wò ó. Ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wolẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ láti kékeré ń tẹ̀ ẹ́ lórí, kò gbà. Omijé kún ojú rẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Nílé wa, bí ayọ̀ ọmọbìnrin bá pọ̀ jù, ilẹ̀ ló ń wò. Mi ò mọ̀ pé mo ń dí ọ lẹ́nu. Gbogbo ohun tí o sọ ni mo gbọ́. Èyí tí o kò parí, mò ń retí rẹ̀ títí di òní. Lọ. Gbé ọ̀rọ̀ Olúfúnkẹ́ lọ. Bí o bá padà dé tí o ṣì fẹ́ parí rẹ̀, ojú mi nìyí."

Àtọ́kẹ́ ṣí báàgì, ó fa àpò ìwé funfun náà yọ láàárín ìwé ìfẹ́ rẹ̀, igun rẹ̀ kan ti tẹ̀ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Báyọ̀dé kò tètè gbà á. Ó ń wò ó, ó ń wá nǹkan lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé. Ọmọbìnrin náà sì dúró kó wá a títí.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Báyọ̀dé méjèèjì dé, ó gbà á, kò sì wo lẹ́tà náà: ojú Àtọ́kẹ́ ló ṣì ń wò.